Bí A Bá Ń Lọ sí Kútọnu àti Kétu: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ará Ilé

Ẹni tí ó bá ń ti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yóò múra fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Yóò wá ìwé ìrìnnà, yóò bèèrè irú aṣọ tí òtútù ibẹ̀ ń fẹ́, yóò bèèrè ohun tí òun kò gbọdọ̀ fi sínú àpótí, yóò sì fetí sí ẹnikẹ́ni tí ó ti dé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lọ sí Kútọnu tàbí sí Kétu, àpò kan ṣoṣo ni yóò gbé kọ́ èjìká ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, tí yóò sì wí pé, “Ilé kúkú ni mo ń lọ.” Àwa ti rìn ọ̀nà méjèèjì, a sì ti rí i pé ẹni ìkejì yìí ni wàhálà sábà máa ń bá lójú ọ̀nà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀. Ẹni èkínní mọ̀ pé àlejò ni òun. Ẹni ìkejì kò mọ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Benin, aládùúgbò wa ní ìwọ̀-oòrùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́: kì í ṣe ìlú Ìbíní, tí ó wà nínú Nàìjíríà, ni a ń wí, bí kò ṣe orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Dàhòmì tẹ́lẹ̀ rí, èyí tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba Faransé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, tí ó sì pa orúkọ dà ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975. Àjàṣẹ́, tí àwọn Òyìnbó sọ ní Porto-Novo, ni olú ìlú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ṣùgbọ́n Kútọnu ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ náà sì ni ọjà ńlá àti èbúté ọkọ̀ òkun wà.

Àwọn ará wa pọ̀ ní ilẹ̀ náà. Kétu, Ṣábẹ, Pobẹ́ àti Sakété, ibi tí a ti ń sọ èdè wa ni gbogbo wọn. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń kí ara wọn bí a ti ń kí ara wa, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ bí a ti ń sọ ọ́, ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń jó ni a ń jó ní apá Ẹ̀gbádò pẹ̀lú. Kí ni ó wá sọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ilẹ̀ òkèèrè fún wa? Ìlà kan ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn, wọ́n sì la ilẹ̀ wa sí méjì. Kétu, tí ogun Dàhòmì ti kó ní ọdún 1886, bọ́ sí apá Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí kò jìnnà sí i, bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọba Yorùbá kan tí ó bá wọn jókòó níbẹ̀.

Ìlà náà kò lè pín ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó pín òfin. Láti ìgbà náà wá, apá kan ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, apá kejì ń kọ́ tirẹ̀ ní èdè Faransé. Ilé ẹjọ́ apá kan kò dà bí ti apá kejì, bẹ́ẹ̀ ni owó wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé wọn. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú ìwé yìí kò ju pé kí ẹni tí ń lọ sí ilé ọmọ ìyá rẹ̀ ní apá kejì ìlà náà gbà pé àlejò ni òun níwájú òfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé níwájú ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, ní Èkó, ni a dá ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní ECOWAS, tí àwọn tí ń sọ èdè Faransé sì ń pè ní CEDEAO. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, wọ́n ṣe àdéhùn pé ọmọ ilẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ ilẹ̀ ìkejì láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ apá yìí nínú àdéhùn náà, wọn kò sì gbọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Àdéhùn náà kò wí pé kí ènìyàn máa lọ lọ́wọ́ òfo. Ó béèrè ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé ẹ̀rí àjẹsára. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbé ibẹ̀ ju 90 ọjọ́ lọ ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀.

Ìwé àjẹsára tí a ń wí ni ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè tí ó ń jẹ́rìí pé a ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí a bá gba abẹ́rẹ́ náà ni ìwé rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ipá. Nítorí náà, kí a má ṣe dúró di ọ̀la tí a ń lọ. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2016 ni a ti fi ẹnu kò kárí ayé pé abẹ́rẹ́ kan tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, kò sì sí ìdí láti tún un gbà ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá bíi ti àtijọ́. Àwọn kan wà tí ń ra ìwé náà láìfi apá wọn fún abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ṣe irú èyí nínú ilé yín. Ìwé lè tan aṣọ́bodè jẹ, ṣùgbọ́n kò lè tan ẹ̀fọn jẹ.

Ọ̀nà mélòó kan ni ó wọ ilẹ̀ Benin láti ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti Sẹmẹ, lójú ọ̀nà Badagry, tí ó lọ tààrà sí Kútọnu. Ìrìn náà láti Èkó kò ju nǹkan bíi kìlómítà 120 lọ. Ìdíroko wà fún ẹni tí ń lọ sí Àjàṣẹ́, Ìmẹ̀kọ sì wà fún ẹni tí ń lọ sí Kétu. Ní Sẹmẹ, láti ọdún 2018, abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjèèjì ti ń yẹ ìwé wò. Ibikíbi tí a bá gbà, kí a rí i dájú pé a lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa nígbà tí a ń jáde kúrò ní ilẹ̀ kan, àti nígbà tí a ń wọ èkejì. Ẹni tí ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú igbó, tí ó ní òun ń yẹra fún ìlà àwọn ènìyàn, kò ní ẹ̀rí kankan lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi í ní ìgbà tí ó dé. Kí a sì tún bèèrè, kí a tó gbéra, bóyá bodè ṣí sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwọn tí ó lọ kí ẹbí fún ọjọ́ mẹ́ta ní ìgbà náà rí ohun tí ojú wọn kò rí rí.

Ní ti owó, náírà wa kò níyì ní ọjà Kútọnu bí àwọn kan ti rò. Owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀ ni fráǹkì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sẹ́fà, òun náà ni wọ́n sì ń ná ní Tógò, Nìjẹ́r, Sẹ̀nẹ̀gàl, Kóòtù Difuà, Málì, Bùrkínà Fásò àti Gínì-Bìsáù. A so owó náà mọ́ owó yúrò ti àwọn ará Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ tí yúrò kan fi jẹ́ sẹ́fà 655.957 láti ọdún 1999 wá. Nítorí náà, ìye rẹ̀ sí yúrò kò yí padà, ṣùgbọ́n ìye náírà tí a ó fi rà á ń yí padà lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá fi ìṣirò ọdún tó kọjá lọ yóò rí i pé owó ọwọ́ òun kò tó ilé gbé. Kí a ṣẹ́ owó ní báńkì tàbí lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀, kí a kà á lójú olówó, kí a sì mú owó kéékèèké lọ́wọ́, nítorí ṣéńjì ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀.

Ní ti èdè, ẹ̀yin tí ẹ rò pé Yorùbá tó fún gbogbo nǹkan, ó tó fún ọjà Àjàṣẹ́, ó tó fún ààfin Kétu, ṣùgbọ́n kò tó fún ọ́fíìsì. Èdè Faransé ni èdè ìjọba. Kí a kọ orúkọ àti àdúgbò ẹni tí a ń lọ bá, àti nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀, sínú ìwé kékeré ní èdè náà, kí olúkúlùkù ará ilé sì ní ẹ̀dà kan lápò, àti ọmọdé pẹ̀lú. Kí a kọ́ bí a ti ń kí ènìyàn kí a tó bi í ní ohunkóhun. Èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Síbẹ̀ a ti rí àwọn ará wa tí wọ́n já lu òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì kíkankíkan, láìwí pé ẹ káàárọ̀, tí ẹnu sì yà wọ́n pé a kò dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ojú pópó. Ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni àwa ń wakọ̀ gbà ní Nàìjíríà, tí àwọn ará Benin sì ń gba apá ọ̀tún, tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi ní láti pààrọ̀ ọwọ́ lẹ́nu bodè. Láti ọjọ́ náà wá, ọwọ́ ọ̀tún ni a jọ ń gbà. Ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ ṣì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ọkọ̀ ti ara rẹ̀ lọ ní láti ní ìwé ọkọ̀ tí ó pé, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé àyè ìgbà díẹ̀ láti ọwọ́ aṣọ́bodè ibẹ̀, àti káàdì adójútòfò aláwọ̀ ilẹ̀ ti àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, èyí tí a fi ọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnu gan-an ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982. Káàdì yìí ni yóò dúró fún wa bí ọkọ̀ wa bá kọ lu ẹlòmíràn nílẹ̀ àjèjì. Adójútòfò ti Nàìjíríà nìkan kò kọjá bodè.

Ẹni tí kò ní ọkọ̀ yóò gun alùpùpù tí wọ́n ń pè ní sẹ́mìjàn. Ní Kútọnu, ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí ó ní nọ́ńbà lẹ́yìn ni a fi ń dá àwọn tí ń gùn ún mọ̀. Kí a fi ẹnu kò sórí owó kí a tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Kí a sì kíyèsí nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù náà. Òfin ibẹ̀ béèrè pé kí ẹni tí ń gun alùpùpù dé àṣíborí, àwọn ọlọ́pàá kò sì fi í ṣeré. Lẹ́bàá ọ̀nà, a ó rí epo bẹntiróòlù nínú ìgò ńláńlá tí wọ́n tò sórí tábìlì bí ẹni tò ẹmu. Kpayo ni wọ́n ń pè é, láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni púpọ̀ rẹ̀ sì ti ń bá ẹ̀bùrú lọ. Kí a má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé kẹ́ẹ̀gì epo kọjá bodè, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n ni ó bẹ̀ wá.

Ọlọ́pàá yóò dá wa dúró lọ́nà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018 ni a ti pa àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń jẹ́ jàndámù pọ̀ di ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ní Benin. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé, kí ó fi í hàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó má sáré ki ọwọ́ bọ àpò owó. Bí wọ́n bá ní ó jẹ owó ìtanràn, kí ó bèèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ na owó sí òṣìṣẹ́ ìjọba láìbéèrè ti fi hàn pé ohun kan wà tí òun ń fi pamọ́.

Àwọn òfin kan wà tí ènìyàn kò lè ronú kàn. Ta ni yóò rò pé ọ̀rá lè di ẹjọ́? Síbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2017, ilẹ̀ Benin ṣe òfin tí ó lòdì sí ọ̀rá tí kì í jẹrà nínú ilẹ̀: òfin náà kò gbà kí a ṣe é, kí a gbé e wọlé, kí a tà á, kí a ní i lọ́wọ́, tàbí kí a lò ó. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń di ẹ̀bùn ìyàwó àti oúnjẹ ọ̀nà, ẹ fi ọ̀rá dúdú ti ọjà wa sílẹ̀ ní ilé; ẹ mú apẹ̀rẹ̀, ẹ mú àpò aṣọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa àgbà ti ń ṣe kí ọ̀rá tó dé ayé. Ní ti oògùn pẹ̀lú, láti ọdún 2017 ni ìjọba náà ti gbógun ti àwọn tí ń ta oògùn ní ọjà gbangba. Kí aláìsàn mú oògùn ti ara rẹ̀ lọ nínú páálí tí ó ti wá, pẹ̀lú ìwé dókítà. Kí ó má sì ṣe bá aládùúgbò gbé àdìpọ̀ oògùn tí kò mọ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí a má ṣe ya àwòrán ẹnubodè, bárékè ológun, pápá ọkọ̀ òfúrufú tàbí ilé ìjọba. Inú oṣù kìíní ni ìsinmi fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ máa ń bọ́ sí ní gbogbo ilẹ̀ náà. Bí a bá bá wọn lẹ́nu rẹ̀, kí a má ṣe wọ igbó tí wọ́n fi palẹ̀ sára, kí a má sì ṣe gbé ẹ̀rọ àwòrán sí wọn lójú láìtọrọ àyè. Ọ̀wọ̀ fún onílé kò sọ àlejò di ẹlẹ́sìn rẹ̀.

A ti sọ ti ìwé, ti owó àti ti ojú ọ̀nà. Èyí tí ó kù ni ó wúwo jù lọ lọ́kàn wa, nítorí ó kan ọmọ.

Àṣà Yorùbá ni pé ẹnì kan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Kò sí ilé kan nínú wa tí kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ohun rere ni, ọ̀pọ̀ nínú wa kì bá tí mọ ìwé bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbi ti gba inú àṣà rere yìí wọlé, wọ́n ń sọ fún òbí pé àwọn ń mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń tà á fún iṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Etireno, tí ó ti Kútọnu gbéra, tí a kò sì jẹ́ kí ó gúnlẹ̀ ní Gàbọ́ọ̀nù, padà sí Kútọnu, gbogbo ayé sì gbọ́ ìròyìn àwọn ọmọdé tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2003, Nàìjíríà ṣe òfin tí ó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2006, Benin ṣe tirẹ̀ nípa ìrìnàjò àwọn ọmọdé: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ náà láìsí òbí rẹ̀, àfi bí ìjọba bá fún un ní ìwé àṣẹ.

Òfin yìí ni ó pàdé àwa àti ará ilé wa ní Kétu ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. A lọ sìnkú ọkọ àbúrò ìyá wa, ìyá tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kétu. Nígbà tí ìnáwó parí, ìyá náà pè wá sínú yàrá, ó sì fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, lé wa lọ́wọ́. Ìyá ọmọ náà ti kú. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Pàràkú.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni ó wí, “ẹ mú un dání lọ sí Abẹ́òkúta lọ́la. Ẹ fi í sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn tiyín. Èmi ti di arúgbó.”

A kúnlẹ̀, a ní, “Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ fi ọkàn tán wa. A ó mú un, ṣùgbọ́n kò ní lè jẹ́ lọ́la. Bàbá rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ fún un.”

Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ìwé kẹ̀? Nígbà tí mo pọ̀n ẹ̀yin fúnra yín wá sí Kétu yìí, ta ni ó bi mí ní ìwé?”

A kò ní èsì tí ó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. A tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó dára. Ṣùgbọ́n kò bá wa jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ náà sì sunkún nígbà tí ọkọ̀ wa ṣí ní òwúrọ̀. Ó dùn wá púpọ̀. Ọ̀nà gbogbo ni àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ fi ń jiyàn, àwọn kan ní à bá mú un gba Ìmẹ̀kọ ní ìdákẹ́jẹ́, ta ni yóò mọ̀.

Ní ẹnubodè, òṣìṣẹ́ kan bẹ inú ọkọ̀ wo, ojú rẹ̀ sì lọ sí ara ọmọkùnrin wa tí ó jókòó lẹ́yìn. Kò bi àwa ní nǹkan kan. Ọmọ náà ni ó bi ní orúkọ rẹ̀, ó bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, ó bi í ní ibi tí ó sùn ní àná, lẹ́yìn náà ni ó tó gba ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí a máa lọ. Gbogbo àríyàn inú ọkọ̀ dákẹ́. Olúkúlùkù mọ ìbéèrè tí ń bẹ lọ́kàn ẹnìkejì rẹ̀: bí ó bá ṣe pé ọmọ-ọmọ Ìyá Kétu ni ó jókòó níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún, kí ni à bá fi dáhùn? “Ọmọ ẹbí wa ni” kọ́ ni ẹni tí ń jí ọmọ gbé náà ń wí bí?

Ìwé náà gbà ju oṣù méjì lọ. Bàbá ọmọ ní láti sọ̀kalẹ̀ láti Pàràkú lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà sì pàdánù sáà ẹ̀kọ́ kan. A kò ní wí pé ìyẹn kò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀ fún ọmọ tí ó ti ń retí. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó mú un wá, ojú ọ̀nà ọba ni wọ́n gbà, kò sì sí ẹni tí ó fi ara pamọ́. Ìyá Kétu gan-an ni ó di ìwé náà sínú aṣọ fún wọn, tí ó sì kìlọ̀ kí omi má kàn án. Òfin tí ó bi wá léèrè yẹn kò fi ẹ̀sùn kan ìyá àgbà. Kò mọ ojú rẹ̀ ni, kò sì mọ ojú oníbi. Nítorí náà ni ó fi bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè kan náà. Lójú wa, ọmọ ni a ṣe ìbéèrè náà fún.

Nítorí náà, bí a bá ń mú ọmọ tiwa lọ, kí a mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání. Bí bàbá tàbí ìyá kan ṣoṣo bá ni ó ń mú un lọ, kí ó gba ìwé ìfọwọ́sí lọ́wọ́ ẹnìkejì. Bí a bá sì fẹ́ gba ọmọ ẹbí wá, kí a bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé rẹ̀ ṣáájú sáà tí a fẹ́ kí ó wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ kù nípa ìpadàbọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa òfin àjèjì mọ́ tán, wọn a sì wá ṣẹ̀ sí ti ilé. Ìjọba Nàìjíríà ti kọ adìẹ yìnyín àti aṣọ òkìrìkà láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 2016 ó fi òfin de gbígbé ìrẹsì gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, ó sì fi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kún un ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ọjà Kútọnu kún fún gbogbo nǹkan wọ̀nyí, wọ́n sì ń wọni lójú. Kí a bèèrè ohun tí òfin wí ní àkókò tí a ń lọ kí a tó ná owó wa. Ẹni tí ó bá sì gbé owó tí iye rẹ̀ ju dọ́là 10,000 lọ kọjá bodè ní láti sọ ọ́ fún àwọn aṣọ́bodè.

Kí ìyá ilé jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn, kí ó ka àwọn ìwé níkọ̀ọ̀kan: ìwé ìrìnnà, ìwé abẹ́rẹ́, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé àdúgbò ẹni tí a ń lọ bá. Kí bàbá ilé ya ẹ̀dà wọn sí ibòmíràn. Kí a sọ fún àwọn tí ó dàgbà tó pé 117 ni nọ́ńbà ọlọ́pàá Benin, pé aago ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa, bí a bá sì kọjá dé Tógò kí a dá a padà ní wákàtí kan. Àti pé ihò iná ibẹ̀ ń fẹ́ píìnì roboto méjì. Ohun kékeré ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohun kékeré ni í da ìrìn rú.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí pé ẹsẹ̀ méjì ni ọ̀nà náà ní. Àwọn ará Kétu àti Àjàṣẹ́ ń wá sọ́dọ̀ wa náà, láti ṣòwò àti láti kí ẹbí, òfin tiwa sì ṣókùnkùn sí wọn bí tiwọn ti ṣókùnkùn sí wa. Kí a là wọ́n lóye kí wọ́n tó kọsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti fẹ́ kí wọ́n ṣe fún wa. Àwọn tí ó fa ìlà náà ní ọdún 1889 ti kú tipẹ́, ìlà wọn ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú ìwé rẹ̀ dání lè kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí ó sì jókòó ti ará rẹ̀ láìfòyà. Kí gbogbo ẹni tí ń lọ lọ re, kí ó sì bọ̀ re.